Àríkẹ́ Onírú àti Owó Èéfín Bàálù

Bí ènìyàn bá dé Inísà tó béèrè Ìyá Onírú, wọn kì í bi í pé èwo nínú wọn. Obìnrin tó ń se irú kò kéré nílùú náà, ṣùgbọ́n ti Àríkẹ́ yàtọ̀. Irú rẹ̀ kì í kan, yanrìn kì í sí nínú rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì máa ń ta débi pé àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ọjà Ìkìrun á ti mọ̀ pé ó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó rí ojú rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e níyàwó wá láti Òkúkù, kò mọ̀ ju kí á ra irú sínú ọbẹ̀ lọ. Ìyá náà ló mú un lọ sóko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó na ọwọ́ sí àwọn igi irú tó dúró káàkiri orí ilẹ̀ ìdílé lọ́nà Igbaye, tó ní, "Ìyàwó, ọkùnrin ló ni ilẹ̀ yìí o. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti orí igi wọ̀nyí já bọ́, tàwa obìnrin ilé ni."

Àríkẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹni gba ogún. Bí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí èso irú dúdú lórí igi, òun àti Àdùkẹ́, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, á gbé agbọ̀n àti ọ̀pá gígùn, wọ́n á gba oko lọ. Wọ́n á já èso náà, wọ́n á bó o, wọ́n á gbọn ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ láti máa lá, wọ́n á sì kó kóró rẹ̀ wálé. Ìgbà yẹn gan-an niṣẹ́ á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. A óò sè é láti àárọ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́. A óò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo rẹ̀ ó lè bó, a óò fọ̀ ọ́, a óò tún un sè, a óò wá fi ewé bò ó mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbóná tí yóò sì máa yọ̀. Ọwọ́ tó ń ṣe é kì í mọ́ tán. Àríkẹ́ kò ka èyí sí. Ó máa ń sọ pé òórùn owó ilé-ìwé ni.

Òótọ́ ló sì sọ. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún un nínú àwọn tó bí, Motọ́láyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Bàbá ọmọ náà, kàfíńtà tí kì í bá èèyàn jà, kú nígbà tí ọmọ kò tíì mọ̀wé kọ dáadáa. Láti ìgbà náà lọ, irú ló ra bàtà, irú ló ra ìwé, irú ló rán Motọ́láyọ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì l'Óṣogbo. Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀, Olúwadàmọ́lá, ń kó lọ sí Kánádà, ìyá rẹ̀ wé irú gbígbẹ sínú ọ̀rá, ó tún ọ̀rá wé, ó fi í sáàárín aṣọ nínú àpótí. Ó sunkún díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹkún ayọ̀ ni, ó ti rí ibi tí ẹsẹ̀ irú gbé ọmọ rẹ̀ dé.

Ọ̀rọ̀ igi tuntun bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Mọgàjí Èṣùbíyìí, ẹ̀gbọ́n ọkọ Àríkẹ́ tó jẹ́ olórí ilé wọn, ránṣẹ́ pe tọkùnrin tobìnrin. Wọ́n bá Jọláyẹmí tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ Inísà ni Jọláyẹmí. Ó jáde yunifásítì, ó wáṣẹ́ títí bàtà fi jẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ kan l'Ékòó tó gbà á pé kó máa bá àwọn wá ilẹ̀ tí àwọn óò gbin igi sí.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá," ni Jọláyẹmí wí, "ẹ mọ̀ pé bàálù máa ń tú èéfín sójú ọ̀run. Èéfín yẹn wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná, tí òjò kì í fi í rọ̀ lásìkò mọ́. Àwọn tó ń wọ bàálù lókè òkun wá ń dá owó jọ pé ká fi gbin igi, kí igi ó máa fa èéfín náà mu padà."

Èṣùbíyìí ní, "Ìyẹn ni pé èèyàn á yàgbẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, á wá sanwó pé ká bá òun kó o ní Inísà."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Jọláyẹmí náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, bó ṣe rí náà nìyẹn. Àmọ́ bàálù ò ní torí tiwa ṣíwọ́ fífò. Ṣé kí wọ́n máa fò kí wọ́n má sì san nǹkan kan ló wá dáa?"

Àríkẹ́ kúnlẹ̀ níbi tó wà. "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ilẹ̀ wo la fẹ́ fún wọn?"

"Ti ọ̀nà Igbaye ni, Ìyá Motọ́. Ilẹ̀ tó kàn dùbúlẹ̀ lásán."

"Kò dùbúlẹ̀ lásán, Bàbá. Igi irú wa wà lórí ẹ̀."

Jọláyẹmí sáré gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Mọgàjí. "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Igi la fẹ́ gbìn, báwo la ṣe máa wá gé igi? Ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan igi irú yín."

Bó ṣe wà nínú rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Èṣùbíyìí náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Àtọ̀gbẹ ti ń jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, egbò náà kò gbọ́ oògùn, ilé ìwòsàn l'Óṣogbo sì ti sọ pé bí kò bá tètè wá ìtọ́jú, àwọn óò gé ẹsẹ̀ náà ni. Ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ gé lẹ́sẹ̀ kò lè máa ro ti igi. Ó tẹ̀ka sí ìwé kó lè rí owó ìtọ́jú gbà, gbogbo ilé ṣe àmín.

Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa rọ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n wá gé igi. Àríkẹ́ wà ní ọjà Ìkìrun nígbà tí Àdùkẹ́ pè é lórí fóònù. Kò gbọ́ ohun tí Àdùkẹ́ ń sọ, ariwo ẹ̀rọ ló ń gbọ́, àti ohùn ẹkún. Ó fi irú sílẹ̀ fún ẹni tó pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gun ọ̀kadà. Kó tó dé oko, ọ̀pọ̀ igi irú ti wó lulẹ̀. Èso tó kù lórí ẹ̀ka fọ́n káàkiri inú iyẹ̀pẹ̀. Ó rí i pé àwọn tó wá kì í ṣe ará ìlú. Láti Èkó ni wọ́n ti rán wọn, pé tíìkì, igi pákó tí wọ́n fẹ́ gbìn, kì í fẹ́ ibòòji, pé ebè gbọ́dọ̀ tọ́ gbọnrangandan kí àwòrán tí wọ́n ń yà láti òkè ó lè dáa.

Igi kan ló kù tí wọn ò tíì kàn, ọ̀kan tó wà létí ipa odò. Àríkẹ́ lọ bá ẹni tó di ẹ̀rọ agégi mú. Kò bú u, kò bá a jà. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, ó fi ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà pa ẹ̀rọ, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Nígbà tó padà dé, kò lè wo ojú rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Wọ́n ní kí n gé e."

"Ó dáa," ni Àríkẹ́ wí. Ó sì sún sẹ́yìn kí igi má baà wó lù ú. Ohun tí kò lè dárí rẹ̀ ji ara rẹ̀ nìyẹn títí dòní, pé òun sún.

Jọláyẹmí wá sílé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kò dìde. Ó ní òun ò mọ̀, pé wọn ò bi òun, pé lórí fóònù ni òun náà ti gbọ́. Àríkẹ́ ní kó dìde, pé kì í ṣe òun ló jẹ̀bi. Àmọ́ bó bá ń sọ ọ́ fún Àdùkẹ́ lẹ́yìn náà, ó máa ń sọ pé, "Tí kì í bá ṣe òun, tí kì í ṣe Bàbá, tí kì í ṣe ẹni tó di ẹ̀rọ mú, ta wá ni? Ṣé àwọn tó wà nínú bàálù ni? Àwọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé a wà láyé."

Kò sọ fún Motọ́láyọ̀. Bí ọmọ náà bá pè, tó ní, "Màámi, irú ńkọ́?" á ní, "Irú wà." Kò purọ́, irú wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kóró tí ọkọ̀ ń kó wá láti apá Ṣakí ló ń rà, ọ̀wọ́n sì ni. Nígbà tí agbára rẹ̀ kò ká a mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀wà sóyà se irú bí àwọn yòókù ti ń ṣe. Ó ń yọ̀ bí irú, ó ń rùn bí irú díẹ̀. Obìnrin kan ní Ìkìrun tó ti ń bá a rà láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn, fi ìka tọ́ ọ wò, ó ní, "Ìyá Onírú, ọwọ́ yín ti yí padà o." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Àríkẹ́ ì bá fẹ́ kó bínú.

Àwọn tíìkì kò pẹ́ láyé. Ọdún àkọ́kọ́ nìkan ni ilé-iṣẹ́ náà sanwó fún àwọn tó ń bá wọn ro ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ di òní, ó di ọ̀la, àwọn tó ń ro oko padà sílé wọn, koríko sì gba ibẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ ọdún kejì dé, iná gba inú koríko wọlé. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ṣáná sí i. Àwọn kan ní ọdẹ ni, àwọn kan ní darandaran ni, àwọn kan ní èèyàn kan ló ju sìgá láti ojú títì. Igi irú kì í ka irú iná bẹ́ẹ̀ sí, èèpo ara rẹ̀ nípọn, ẹ̀ẹ̀rùn mélòó ló ti jó o tó sì tún rúwé. Ṣùgbọ́n igi tí ò tíì ga ju èèyàn lọ, kí ló fẹ́ fi gba iná? Ó jó láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Eérú rẹ̀ fẹ́ dé Inísà, ó bà lé aṣọ tí àwọn èèyàn sá.

Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà ni Motọ́láyọ̀ wálé. Ó mú ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ìníolúwa, dání. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Àríkẹ́ máa fọwọ́ kan ọmọ náà, nínú fóònù ló ti ń wò ó látìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó gbé e, ó kì í, ó fi ẹnu rẹ̀ sí i lọ́rùn bí ẹni fẹ́ mu ún. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń wúkọ́. Ìyá rẹ̀ yọ nǹkan kékeré kan nínú báàgì, ó fi sí i lẹ́nu, ó tẹ̀ ẹ́, ikọ́ náà rọlẹ̀.

"Kí ló ń ṣe é?"

"Àyà rẹ̀ ni, Màámi. Ẹ jẹ́ kí n sinmi ná, màá sọ fún yín."

Ọjọ́ mélòó kan lọ nínú ayọ̀. Ilé kún. Èṣùbíyìí, tó ti ń fi igi rìn nítorí pé wọ́n padà gé ẹsẹ̀ náà ní orúnkún, gbé àga wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àríkẹ́ láti máa wo ọmọ Kánádà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí obìnrin méjèèjì jọ ń ṣa ewé ọbẹ̀, Motọ́láyọ̀ nu ọwọ́, ó mú fóònù rẹ̀.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín. Nígbà tá a bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, wọ́n máa ń bi wá bóyá a fẹ́ san owó èéfín. Ẹni tó bá wù ú ló ń san án. Wọ́n á ní ká yan ibi tá a bá fẹ́ kí wọ́n fi gbin igi sí. Mo rí Ọ̀ṣun níbẹ̀. Màámi, inú mi dùn, ṣe ni mo pariwo. Mo ní ilé mi rèé! Láti ìgbà yẹn, ì báà jẹ́ iṣẹ́ ni Dàmọ́lá ń bá lọ sí ìlú mìíràn, a kì í jẹ́ kó lọ láìsan án. Ẹ wò ó."

Àríkẹ́ gba fóònù náà. Jọláyẹmí ló dúró láàárín àwòrán náà, ó di igi kékeré kan mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Kùkùté igi kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì funfun níbi tí wọ́n ti gé e. Àríkẹ́ mọ kùkùté náà. Èyí tó wà létí ipa odò ni.

Ó fẹ́ dá fóònù padà kó máa bá ewé rẹ̀ lọ. Ó fẹ́ sọ pé ó dáa, ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n ó fi ìka lé orí kùkùté náà, kò gbé e kúrò, Motọ́láyọ̀ sì rí i.

"Màámi, kí ló dé? Ṣé ẹ mọ ibẹ̀ ni?"

"Oko wa ni," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ti ọ̀nà Igbaye."

Motọ́láyọ̀ fò sókè, ó di mọ́ ìyá rẹ̀. "Oko wa! Tiwa gan-an! Ẹ ò sì sọ fún mi! Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó lọ́la, kí n ya fọ́tò Ìníolúwa níbẹ̀." Ayọ̀ yẹn dun Àríkẹ́ ju gbogbo ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ lọ. Ó ní kí wọ́n lọ.

Jọláyẹmí ló fi ọ̀kadà gbé wọn. Ilé-iṣẹ́ náà ti dá a dúró, ọ̀kadà ló kù tó ń gùn. Nígbà tó gbọ́ ibi tí wọ́n ń lọ, ó wo Àríkẹ́, Àríkẹ́ sì gbójú sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, Motọ́láyọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó wò yíká, ó tún wò yíká. Ó rò pé wọn ò tíì dé. Ilẹ̀ dúdú ló tẹ́ lọ bẹẹrẹ, ọ̀pá igi tó jóná dúró lẹ́sẹẹsẹ bí èèkàn ewúrẹ́. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbé eérú dìde. Ó fa aṣọ bo imú ọmọ rẹ̀.

"Àwọn igi irú ńkọ́?" ó béèrè.

Ó wo ìyá rẹ̀.

"Màámi, àwọn igi irú yín ńkọ́?"

"Wọ́n gé wọn. Wọ́n ní ká fàyè gba àwọn tuntun."

Motọ́láyọ̀ yíjú sí Jọláyẹmí. "Ìwọ lo wà nínú fọ́tò yẹn."

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ní orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní àwọn igi yẹn ń dàgbà. Mo wò ó kí n tó wọ bàálù. Wọ́n ní wọ́n ti fa èéfín ìrìnàjò mi mu."

"Lójú tiwọn, àwọn igi náà ṣì dúró," ni Jọláyẹmí wí. "Mo kọ̀wé sí wọn nígbà tó jó. Mo tún pè wọ́n. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́."

"Owó mi ni wọ́n fi gé igi ìyá mi!"

"Ẹ̀gbọ́n, owó yín àti tàwọn ẹgbàágbèje èèyàn ni. Gbogbo yín lẹ rò pé ohun tó dáa lẹ ń ṣe. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀."

"Kí wá ni kí n ṣe? Ṣé kí n má san? Kí n kàn máa fò?"

Jọláyẹmí tẹjú mọ́ ilẹ̀. "Mi ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ san o, ẹ ò san o, èéfín ti jáde nídìí bàálù kẹ́ ẹ tó débí."

Ìníolúwa bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Àríkẹ́ gbé e pọ̀n, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Eérú yìí ò dáa fún ọmọ."

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀ ni Motọ́láyọ̀ tó lè sọ̀rọ̀. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, nítòsí ààrò tí ìyá rẹ̀ ti ń se irú. Ó ní ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ìlú wọn lọ́hùn-ún, igbó máa ń jó nísinsìnyí. Kì í ṣe oko kan tàbí méjì, igbó tó tó Ọ̀ṣun lódindi ni, lọ́pọ̀ ìlọ́po. Ó ní ọdún kan wà tí ọ̀run pọ́n lọ́sàn-án gangan bí epo pupa, tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí fèrèsé. Àárín ìgbà yẹn ni àyà Ìníolúwa dí. Díẹ̀ ló kù kí ọmọ náà bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ nínú ọkọ̀, kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn tí òun alára ti ń ṣiṣẹ́.

"Àwọn dókítà sọ fún wa pé ayé tó ń gbóná ló fà á. Mo wá rò pé owó èéfín yẹn, ó kéré tán, mo ń ṣe nǹkan kan. Màámi, ṣé ẹ rí i? Mo fẹ́ kí ọmọ mi máa mí. Igi yín ni mo wá fi owó náà gé."

"Má wí bẹ́ẹ̀. O ò mọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ò sọ fún mi."

"Kí ni mo fẹ́ sọ? O wà lókèèrè. Mo fẹ́ kó o máa rántí ilé bó ṣe wà." Àríkẹ́ fà á mọ́ra. "Gbọ́, Motọ́. Èmi ò mọ̀ nípa èéfín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bàálù yẹn ló gbé ẹ dé ọ̀dọ̀ mi, òun ló jẹ́ kí n gbé ọmọ yìí pọ̀n lónìí. Bó bá jẹ́ pé igi ni mo fi pààrọ̀ rẹ̀, mo gbà. Kí igi ó lọ, kí ìwọ ṣáà máa bọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn tù ú nínú bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ti ń wá nǹkan tí òun óò fi ṣírò igi náà láti ìgbà tí wọ́n ti gé e, ó sì rò pé òun ti rí i.

Wọ́n padà lọ. Òjò rọ̀, ó dá. Nígbà tó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ tiwọn, igbó tún gbaná. Motọ́láyọ̀ pè lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ wú nínú fóònù. Ìníolúwa ti wà ní ilé ìwòsàn, ó ti jáde. Àríkẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ kù lẹ́nu ọmọ òun.

"Màámi, èmi àti Dàmọ́lá ti jọ sọ ọ́. A ti rò ó títí. Owó tá à ń san yẹn, irọ́ ni. Ẹ̀yin náà ti rí i. Tá a bá mọ̀ pé irọ́ ni, tá a sì tún ń wọ bàálù, a jẹ́ pé àwa gan-an là ń dáná sun àyà ọmọ wa. A ò ní máa wọ bàálù mọ́."

Àríkẹ́ kò kọ́kọ́ lóye rẹ̀. "Ẹ ò wọ bàálù mọ́. Kí lẹ máa wá wọ̀ wálé?"

Motọ́láyọ̀ ń sunkún. "Màámi, a óò máa rí ara wa nínú fóònù. Lójoojúmọ́. Mo ṣèlérí."

"Bí nǹkan kan bá wá ṣe mí ńkọ́?"

"Ìyẹn nìkan la yọ sílẹ̀. Bí nǹkan kan bá ṣe yín, màá wá. Dandan ni."

Àwọn méjèèjì gbọ́ ohun tí ó sọ. Àdùkẹ́ tó ń fọ kóró nítòsí náà gbọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú omi.

"Ó dáa," ni Àríkẹ́ wí. "Ìyẹn ni pé wàá wá sin mí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ tìẹ náà sin ẹ́."

"Màámi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́."

"Àdúrà ni mò ń ṣe fún ẹ." Ó sì ṣe àdúrà náà lóòótọ́, ó ṣe é títí fóònù fi já.

Nígbà tí Èṣùbíyìí gbọ́, inú bí i. Ó na igi ọwọ́ rẹ̀ sókè. "Àwọn olówó ń fi bàálù lọ jẹ oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n ń fi í lọ wo bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má lọ. Ọmọ Àríkẹ́ onírú nìkan ló máa wá tún ayé ṣe! Bàálù ń fò bó wọ̀ ọ́, ó ń fò bí ò wọ̀ ọ́."

"Bàbá, kò purọ́," ni Àríkẹ́ wí. "Ọmọ rẹ̀ ò lè mí."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ lè mí?"

Láti ìgbà náà ni Àríkẹ́ kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú Motọ́láyọ̀ níwájú òun. Ṣùgbọ́n bí òun nìkan bá jókòó, ó máa ń tò ó jọ, kò sì lè rí ibi tí ẹ̀bi gbé wà. Wọ́n sanwó èéfín, igi rẹ̀ lọ. Wọn ò fẹ́ san mọ́, ọmọ rẹ̀ lọ. Èéfín náà sì wà lókè níbẹ̀.

Motọ́láyọ̀ kò yẹ àdéhùn rẹ̀, ó ń pè lójoojúmọ́. Ìníolúwa á jókòó síwájú fóònù, á máa fi èdè Òyìnbó sọ ohun tó ṣe nílé-ìwé, Àríkẹ́ á máa ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ọkọ mi, ẹ̀n-ẹ́n," kò sì gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ ṣeré kí ìyá àgbà tó kí i tán. Wọn kì í bá ọmọdé wí pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Jọláyẹmí ta ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ sí Èkó, kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ dáadáa mọ́. Ilẹ̀ ọ̀nà Igbaye wà bẹ́ẹ̀. Ìwé tí Mọgàjí tẹ̀ka sí kò tíì kú, àwọn tó ni ín kò sì wá, torí náà kò sẹ́ni tó láyà láti kọ ebè kan síbẹ̀. Àríkẹ́ kì í gba ọ̀nà náà kọjá. Ó fi ìkòkò ńlá sílẹ̀ fún Àdùkẹ́, ìwọ̀nba tí ọwọ́ rẹ̀ bá ká nìkan ló ń sè, pẹ̀lú sóyà.

Ní ọjà Ìkìrun lọ́jọ́ kan, obìnrin tó máa ń bá a rà yẹn tún yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ra díẹ̀, kò tọ́ ọ wò mọ́ kó tó rà á. Ó wá ní, "Ìyá Onírú, ọmọ yín tó wà lókè òkun ńkọ́? Ìgbà wo ló tún ń bọ̀?"

Àríkẹ́ di irú sínú ewé, ó fún un. "Ó ń bọ̀," ó ní. "Kò ní pẹ́ dé."

"Ojú yín á rí i o."

"Àmín," ni Àríkẹ́ wí, ó sì gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn.